Wákàtí Mẹ́fà Ó Lé Ogójì Ìṣẹ́jú

Tinúọlá tẹ fóònù, ó ní,
"Màámi, ẹ wò ó, kò jìnnà.
Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù,
kìlómítà ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n,
wákàtí mẹ́fà ó lé ogójì ìṣẹ́jú.
Bí mo bá sùn, tí mo jí, mo ti dé."

Bàbá mi gbórí sókè lórí ẹní:
"Níbo ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?
Ṣé ó ka Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n mọ́ ọn?"

Kò kà á.
Kò ka aago mẹ́ta òru tí a jí,
ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹ,
àpótí tí a gbé sórí òṣùwọ̀n
ní ilé Ọlátẹ̀jú tó ń ra kajú,
tí a yọ èlùbọ́ kúrò nínú rẹ̀, tí a dá a padà,
tí a tún yọ ọ́.
Kò ka Tákié, níbi tí dẹ́rẹ́bà ti dúró
de èrò kan ṣoṣo tó kù.
Kò ka tírélà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́yìn Odò Ọba,
tí àgbàdo dà sójú títì, tí ewúrẹ́ ń ṣọdún,
tí ọmọ mi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀
bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe.
Wákàtí mẹ́sàn-án la fi dé Ìkẹjà.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin olóye:
Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí Ìkẹjà
ju bí Ìkẹjà ti jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Kò sì ka ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin
tí a fi dúró de òǹtẹ̀ kan péré nínú ìwé ìrìnnà,
àti oko kajú mi lọ́nà Ìkòyí
tó ti di oko ẹlòmíràn.

Bàbá mi mọ ọ̀nà jíjìn.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni
nígbà tó kó abọ́ tánńganran sẹ́yìn lọ́rì,
ó dorí kọ Tàmálè.
"Ọjọ́ mọ́kànlá," bó ṣe máa ń wí nìyẹn,
"bí ọkọ̀ ò bá kú."
Kì í ka kìlómítà.
Odò tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kọjá ló ń kà,
òru tí òjò pa wọ́n lábẹ́ tapólì,
ará Arówómọlé kan tí wọ́n sin sẹ́bàá ọ̀nà
tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ igi tó wà nítòsí.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní ká máa lọ.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa.
Bàbá mi ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò
bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán.
Ohun tí mo rántí lójú ọ̀nà ò ju méjì lọ:
òórùn epo bẹntiróò,
àti ìyá mi tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo ti padà délé kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra.
Èmi àti bàbá mi ò sùn.
Kò sí iná, a ò sì tan àtùpà.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù fi dún:
"Mo ti dé. Òtútù ń pa mí."
Bàbá ní, "Kí ló jẹ?"
Ìpè ti já.

Ó fọwọ́ wá okùn ṣòkòtò rẹ̀,
ó tú kọ́kọ́rọ́ náà, ìpatà ti jẹ ẹ́ dórí eyín,
ó fi í sí mi lọ́wọ́. Ó gbóná, ara rẹ̀ ló bá wá.
"Tinúọlá gbọ́ èdè fóònù.
Bó bá sinmi tán, ní kó bá mi bi í:
láti ibi kọ́kọ́rọ́ yìí dé ojú ilẹ̀kùn rẹ̀,
wákàtí mélòó ni?"

Nígbà tó sùn, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.
Kò pé ẹgbẹ̀ta kìlómítà.
Mi ò sọ fún un.